Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Nítorí Gílóòbù Kan

Ìgbálẹ̀ ni mo fi fọ́ ọ. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kẹrin tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Monrovia, ní Liberia, ni, nínú oṣù kẹrin ọdún 1996, a sì ti sá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà lẹ́yìn ọjà Rally Time. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀: Pásítọ̀ Adétúnjí àti Adélọ́lá ìyàwó rẹ̀, Tísà Olújùwọ́n tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní kẹ́mísírì kí wọ́n tó ti ilé ìwé pa, àwọn ará ìjọ díẹ̀, èmi, àti Ògofolúwa ọmọ ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́wàá tó ń rá kiri.

Ìyá rẹ̀, Ṣìkẹ́mi ọmọ mi, ti lọ sí Mamba Point láti ìjẹta, níbi tí wọ́n ní wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé. Ó ní òun á dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò dé. Agolo mílíìkì oníyẹ̀fun kan ló fi sílẹ̀ fún ọmọ náà, ó sì ti lọ sí ìdajì.

"Màmá, ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀," ló wí fún mi. "Ẹ má sì jẹ́ kó kó ìdọ̀tí sẹ́nu."

Nǹkan méjì péré ló ní kí n ṣe. Ọmọ náà ni kì í gbọ́. Kò sí ohun tí kì í kó sẹ́nu: òkúta, ẹsẹ̀ àga, okùn bàtà Pásítọ̀. Nítorí náà, ìbọn ń dún lápá ibi tí ọ̀nà ti lọ sí afárá, èmi ń gbálẹ̀. Èmi ni mo ti ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti ọjọ́ tí a ti dá a sílẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ìgbálẹ̀ lò tó mi níbẹ̀. Màá kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde, màá tẹ̀ ba, màá sì gbá a láti orí pẹpẹ wá sí ẹnu ọ̀nà.

Òkè ilé ni mo gbójú sí lọ́jọ́ náà tí mo rí òwú aláǹtakùn. Gílóòbù gígùn mẹ́fà ló wà lókè yẹn, àwọn funfun bí ìrèké tí wọ́n ti bó. Wọn kò tàn láti ọdún 1990 tí àwọn kan ti gbé jẹnẹrétọ̀ wa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń nu eruku ara wọn, nítorí Pásítọ̀ sọ pé iná ń bọ̀, kò sì yẹ kó bá wọn nínú ìdọ̀tí. Ni mo bá so ìgbálẹ̀ mọ́ orí igi, mo nà án sókè. Ìbọn ńlá kan dún. Mo ta gìrì, ìgbálẹ̀ sì gbá gílóòbù kan. Ó já bọ́ láti òkè, ó dún *pọ̀ọ̀* bíi pé ọta ló wọlé, gbogbo èèyàn sì dọ̀bálẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, èmi nìkan ló dúró, igi lọ́wọ́ mi.

Ó fọ́ yángá-yángá. Ìyẹ̀fun funfun kan tú jáde nínú rẹ̀. Bó ṣe ń dán báyìí, Ògofolúwa ti rí i, ó ti kọrí síbẹ̀, ó ń rá bọ̀ kíákíá. Adélọ́lá gbé e. Èmi tú ìgbálẹ̀ kúrò lórí igi, mo bu omi, mo tẹ̀ ba.

"Màmá, ẹ gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀."

Tísà Olújùwọ́n ni. Ó ṣì dọ̀bálẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

"Kí ló dé?" ni mo wí.

"Ẹ má gbá a. Flọrẹ́sẹ́ǹtì ni. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní mákúrì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ìgbálẹ̀ gbá a, yóò fò sókè, a ó fà á símú. Ìyẹ̀fun á sì há sínú ìgbálẹ̀ yín, gbogbo ibi tí ẹ bá tún gbá lẹ ó máa pín in dé."

"Tísà, ọdún mélòó ni o ti dáyé?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, mà."

"Èmi ti ń gbálẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ẹ."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ yìí ni Ògofolúwa yóò sùn. Ibẹ̀ ni yóò máa rá, tí yóò máa lá ọwọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Tísà dìde, ó ṣí gbogbo fèrèsé, ó ṣí ilẹ̀kùn gbagada, ó ní kí gbogbo wa jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí atẹ́gùn gbé ohun tó wà nínú ilé lọ.

Pásítọ̀ wò ó. "Níta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìbọn ló wà níta, Olújùwọ́n."

"Mo gbọ́ ọ, sà. Ìbọn ò tíì wọ ọgbà wa. Mákúrì ti wọlé."

"Èwo ló ń tètè pànìyàn nínú méjèèjì?"

"Ìbọn ni, sà," ni Tísà wí. Kì í purọ́, ohun tó burú lára rẹ̀ nìyẹn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbọn ló ń bani. Mákúrì tẹ́ ẹ bá fà símú, inú yín ló wà yẹn."

A bá jáde. Mo gbé agolo mílíìkì dání. Lábẹ́ igi máńgòrò la jókòó sí, a fẹ̀yìn ti ògiri ọgbà, èèyàn mọ́kànlá tó sá fún ìbọn wọlé tún sá fún gílóòbù jáde. Ìgbà náà la wá rántí pé kò sí aago lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gba ti Tísà lójú ọ̀nà lánàá, níbi tí àwọn oníbọn ti ń dá èèyàn dúró.

Adélọ́lá ló mú ìmọ̀ràn wá. Ó ní kí ọkọ òun gbàdúrà. Nínú gbogbo ọdún tí a fi jẹ́ ọmọ ìjọ, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ Pásítọ̀ kì í dín ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn èèyàn a máa mú àgbàdo wá jẹ nínú rẹ̀. Pásítọ̀ dìde, ó di ojú. Ọta ìbọn kan fò kọjá lókè máńgòrò, ewé já bọ́ lé e lórí. "Baba, gba wá, àmín," ni ó wí, ó jókòó.

"Ìyẹn ò tó ìṣẹ́jú kan, sà," ni Tísà wí.

"Ìwọ gbà á, kó o fà á gùn."

Orí ìyẹn la wà tí ẹnu ọ̀nà ọgbà fi ṣí. Ọkùnrin mẹ́rin ló wọlé pẹ̀lú ìbọn. Èyí tó ṣíwájú wọ aṣọ ìgbéyàwó, ti ìyàwó ni o, funfun, èyí tí wọ́n to ìlẹ̀kẹ̀ sí láyà tó sì ń wọ́ nílẹ̀ tuurutu lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé wíìgì pupa. Jẹ́nẹ́rà ni àwọn tó kù ń pè é. Nínú ọkàn mi, mo sọ ọ́ ní Jẹ́nẹ́rà Ìyàwó. Òyìnbó ti Liberia ló ń sọ, ó sì ti mọ́ mi létí.

"Ta ló wà nínú ilé yẹn?"

"Kò sí ẹnì kankan," ni Pásítọ̀ wí.

"Ìlú ń jó, gbogbo ayé wọlé, ẹ̀yin wá jókòó síta, ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi. Kí lẹ fi pa mọ́ síbẹ̀?"

Ni Tísà bá nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Gílóòbù ló fọ́, sà."

Jẹ́nẹ́rà wò ó títí. "Ṣé èmi lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Rárá, sà. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ni kò dára. Ó kù díẹ̀ kí ẹ tó lè wọlé. N ò lè sọ iye tó kù, n ò ní aago." Bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ Jẹ́nẹ́rà ló ń wò. Aago mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà láàárín, tí okùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, a ti rí i lọ́wọ́ Tísà láti ọdún tó ti dé.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹmẹ̀wà Jẹ́nẹ́rà ti ń lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn. Jẹ́nẹ́rà fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e. Tísà kò ṣáà lè pa ẹnu mọ́.

"Aṣọ yín, sà. Ó ń wọ́ nílẹ̀. Aṣọ tí ìyẹ̀fun yẹn bá lẹ̀ mọ́, ńṣe ni wọ́n ń sọ ọ́ nù."

Jẹ́nẹ́rà dúró. Ó yíjú wo ìrù aṣọ rẹ̀. "Mi ò lè fọ̀ ọ́ ni?"

"Kò ṣeé fọ̀, sà. Yóò kó ran àwọn aṣọ yòókù."

Mo rí i lójú rẹ̀. Ó fẹ́ràn aṣọ yẹn. Ó ká ìrù rẹ̀ sókè, ó dì í mú lábẹ́ abíyá, ó pe ẹmẹ̀wà rẹ̀ padà. "Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Ẹ jẹ́ ká ní mẹ́wàá ló kù, sà."

Ó wo aago Tísà. Ó wá jókòó tì wá. Àwọn mẹ́ta yòókù náà jókòó, ìbọn lórí itan. Bí Jẹ́nẹ́rà ṣe jókòó báyìí, Ògofolúwa rí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń dán láyà rẹ̀. Ó já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Adélọ́lá, ó rá lọ bá a, ó gun orí itan rẹ̀, ó sì ki ìlẹ̀kẹ̀ kan bọ ẹnu.

Ṣìkẹ́mi ní kí n má jẹ́ kó kó ìdọ̀tí sẹ́nu. Kò sọ ohun tí n ó ṣe bí ìdọ̀tí náà bá gbé ìbọn.

"Ta ló ni ọmọ yìí?"

"Èmi ni," ni mo wí. "Ìyá rẹ̀ ń bọ̀."

Jẹ́nẹ́rà fi ìka yọ ìlẹ̀kẹ̀ náà lẹ́nu ọmọ, ó tún gbé ọmọ náà jókòó dáadáa. Nígbà tó yá ó wo aago. "Ó pé. Ta ló fọ́ ọ?"

"Èmi náà ni."

"Ol' Ma," ló pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀, "wọlé lọ kó o. Màá máa wò ẹ́ látẹnu ọ̀nà. Ọmọ wà lọ́dọ̀ mi."

Báyìí ni mo ṣe wọlé. Tísà wé ọ̀rá mọ́ mi lọ́wọ́ méjèèjì. Òun náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ti Jẹ́nẹ́rà, ó ń sọ ohun tí n ó ṣe. Páálí la fi kó o, èyí tí a kọ "Ẹ káàbọ̀ sí ìkórè" sí, tí a gé sí méjì. Ọ̀kan ń ti ìfọ́ sórí ìkejì. N kò wọ́ ọ nílẹ̀, mo ń rọra gbé e ni. Adélọ́lá ju sẹ̀lótéèpù tó fi ń lẹ ìwé orin sí mi, mo fi ibi tó ń lẹ̀ tẹ ilẹ̀ títí kò fi gbé ìyẹ̀fun kankan mọ́. Lẹ́yìn náà mo fi ìwé tútù nù ún.

"Ó ku ìkan lábẹ́ àga," ni Jẹ́nẹ́rà wí.

"Mo ti rí i."

"O ò tíì rí i. Apá òsì."

Òótọ́ ni, n kò tíì rí i.

Tísà wá ní gbogbo rẹ̀ ní láti wọ ohun tó ní ìdérí tó le, títí kan páálí àti ìwé tí mo fi nu ilẹ̀. A wá a títí. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, ohun kan ṣoṣo tí ìdérí rẹ̀ le ni agolo mílíìkì Ògofolúwa. Pásítọ̀ yọ háńkáṣíìfù rẹ̀ tó mọ́ jù lọ, Adélọ́lá da mílíìkì sínú rẹ̀, ó ta á ní kókó. Mo rún páálí sínú agolo, mo kó gbogbo rẹ̀ sí i, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ìdérí rẹ̀, mo sì fi ìyókù sẹ̀lótéèpù wé e yípo. Mo bọ́ ọ̀rá, mo fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà tí mo jáde ni Jẹ́nẹ́rà Ìyàwó dìde lójijì. Ó gbé Ògofolúwa jìnnà sí ara rẹ̀. Omi ń kán. Gbogbo iwájú aṣọ ìgbéyàwó ti rin.

Jẹ́nẹ́rà yíjú sí Tísà, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Èyí ńkọ́? Ṣé màá sọ ọ́ nù ni?"

"Rárá, sà," ni Tísà wí. "Omi àti ọṣẹ á mú ìyẹn kúrò."

Ó gbé ọmọ mi fún mi.

Wọ́n wọlé wá wò ó bóyá nǹkan wà tí wọ́n lè kó. Dùrù ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ti lọ. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí agolo mílíìkì. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, kì í ṣe mílíìkì ló wà nínú rẹ̀ mọ́. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Jẹ́nẹ́rà gbá a lọ́wọ́. Ó ní ìṣojú òun ni mo ti dì í. Ó wá gbójú sókè, ó rí gílóòbù márùn-ún tó kù, ó ní kí wọ́n gun àga lọ yọ wọ́n.

Kò sí iná ní Monrovia nígbà náà, láti Mamba Point títí dé Paynesville. Wọ́n sì yọ gbogbo rẹ̀, wọ́n fi ẹní wa wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé wọn mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, Jẹ́nẹ́rà dúró. "Bí ọ̀kan bá fọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sà," ni Tísà wí. "Ẹ ní aago."

Ògofolúwa rá káàkiri ilẹ̀ yẹn ní gbogbo ọjọ́ náà, ó ń lá ọwọ́. Mo jókòó, mò ń wo ẹnu rẹ̀. N kò gbá ilẹ̀ náà. Agolo yẹn, mo gbé e sórí ògiri ọgbà níta, ibi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé.

Ọjọ́ kejì, bí oòrùn ṣe ń mú, Ṣìkẹ́mi wọ ọgbà wá. Ẹsẹ̀ kan bàtà ló kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó rí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó rí ọmọ lẹ́yìn mi. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ṣìkẹ́mi gbójú sókè, ó rí agolo mílíìkì lórí ògiri, ó nawọ́ mú un, ó sì ti ń fi èékánná bó sẹ̀lótéèpù rẹ̀.

Láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, n kò pariwo. N kò pariwo fún ìbọn, n kò pariwo fún Jẹ́nẹ́rà. Ìgbà yẹn ni mo pariwo. Wọ́n ní wọ́n gbọ́ mi dé Rally Time.