Ìró Bọ́ọ̀lù Lórí Pèpéle Kòkó

Ọ̀sán gangan ló máa ń gbọ́ ọ. Kì í ṣe òru, kì í ṣe ìdájí. Nígbà tí oòrùn bá ti mú, tí àwọn adìyẹ pàápàá ti sá sábẹ́ igi, tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, ni Béjidé àbúrò mi yóò gbé orí sókè níbi tó jókòó sí, yóò sì kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, níbi pèpéle sìmẹ́ńtì tí àwọn bàbá wa ń sá kòkó sí láyé ìgbà kan. Á wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá. Ètè rẹ̀ á máa mì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òǹkà ló ń kà.

Ẹ̀bùnọlá lorúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọkọ mi ti kú, ilé bàbá mi ní Iléṣà ni mo padà sí. Adédìran, àbúrò bàbá mi, ló lọ sí Japan lọ́dún 1982. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ irin, ó fẹ́ ọmọbìnrin ibẹ̀, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Ìyá wa àgbà kọ lẹ́tà láti Iléṣà pé Béjidé ni kó máa jẹ́. Makoto ni àwọn ará ọ̀hún ń pè é.

Ọmọ náà ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó sì mọ nǹkan án jù. Bésíbọ́ọ̀lù ni eré tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ́hùn-ún. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan, ẹnì kejì á di igi mú láti gbá a, ẹnì kẹta á lóṣòó sẹ́yìn onígi pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ awọ ńlá láti hán an. Béjidé ni ẹni tó ń jù ú. Bọ́ọ̀lù tó bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ yá ju ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì Ìbàdàn lọ. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ẹgbẹ́ ńlá kan gbà á, ó di ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù jíjù jẹun. Bàbá rẹ̀ a máa gé àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ránṣẹ́ sí wa. A ò lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń rí imú Adédìran lójú ọmọ náà, a ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ju bọ́ọ̀lù kí èjìká rẹ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà wá sọ ọ́ di kóòṣì fún àwọn ọ̀dọ́ ajubọ́ọ̀lù wọn. Lẹ́yìn èyí a ò rí àwòrán kankan gbà mọ́. Lọ́dún 2022, lẹ́yìn tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú, tí ìyàwó rẹ̀ sì ti bá tirẹ̀ lọ, òun nìkan gbé àpò méjì wá sí Iléṣà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì ni, ṣùgbọ́n nígbà tó lanu, ẹ̀rín pa wá. Ẹnu bàbá rẹ̀ nìkan ló ti gbọ́ Yorùbá láyé rẹ̀, nítorí náà Ìjẹ̀ṣà àwọn arúgbó ló ń sọ, bíi pé òun náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́yìn tó dé. Ọyẹ́ ń jà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mò ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Mo gbọ́ ìró kan láti ẹ̀yìnkùlé: pàù! Bí ìgbà tí èèyàn la ọwọ́ mọ́ awọ líle. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ó tún dún: pàù! Mo rò pé àwọn ọmọ àdúgbò ló ń ṣeré, mo dìde lọ lé wọn. Kò séèyàn. Aláǹgbá méjì ló wà lórí pèpéle, wọ́n ń yáàrùn, kò tilẹ̀ sí ohun tó dẹ́rù bà wọ́n.

Nígbà tí mo yí padà, Béjidé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó tẹjú mọ́ mi.

"Ẹ gbọ́ ọ, Àǹtí?"

"Kí ni mo gbọ́?"

"Ẹ gbọ́ ọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́ ọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ náà ló sọ ọ̀rọ̀ Shun fún mi.

Shun jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ apẹja láti ìlú kékeré kan létí òkun. Nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lé Béjidé lọ́wọ́, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dáa tó tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ Béjidé lòun náà ṣe kọ́ ọ: igba bọ́ọ̀lù lójúmọ́, nígbà mìíràn ọ̀ọ́dúnrún. Lọ́jọ́ kan ọmọ náà sọ pé, "Kóòṣì, ìgúnpá ń dùn mí."

"Mo dá a lóhùn pé ìrora ni olùkọ́ rẹ̀, pé èmi kọ́," Béjidé wí. "Kò tún sọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ ìdíje, iṣan ìgúnpá rẹ̀ já. Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti gbọ́ ọ, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, kò jinná. Ó padà sílé àwọn òbí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó dá wọ ọkọ̀ ojú omi bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Òkun ò ru rárá lọ́jọ́ náà. Wọ́n rí ọkọ̀, wọn ò rí i. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀.

"Àwọn kan ní ó yọ̀ ṣubú ni," Béjidé sọ. "Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Mi ò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí mo ti ń gbọ́ ọ. Ṣé ẹ rí i, Àǹtí, òfin wa ni pé ajubọ́ọ̀lù kì í dáwọ́ dúró àfi tí kóòṣì bá ní ó tó. Mi ò sọ fún un rí pé ó tó. Ó ṣì ń jù ú. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, ó ti lé ní irinwó bọ́ọ̀lù."

Mo ti pa ojú òkú dé lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà lẹ́nu iṣẹ́ mi, ẹ̀rù kì í bà mí. Ṣùgbọ́n n kò ṣa ẹ̀wà náà tán lọ́jọ́ yẹn. Mo dà á padà sínú àpò, ti òkúta ti òkúta.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Waliyullah, olùkọ́ eré ìdárayá ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òṣogbo, ló gbọ́ pé ajubọ́ọ̀lù Japan wà ní Iléṣà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní bésíbọ́ọ̀lù láti inú fídíò orí fóònù. Ó wá bẹ Béjidé lẹ́ẹ̀mejì, Béjidé kọ̀. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, èmi ni mo sọ fún àbúrò mi pé kó lọ. Mo rò pé bí ariwo àwọn ọmọ bá wà létí rẹ̀, kò ní ráyè gbọ́ ìró mìíràn. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó fi òfin kan lélẹ̀: kò sí ọmọ tí yóò ju bọ́ọ̀lù tó lé ní àádọ́rin lọ́jọ́ kan, kò sì sí ẹni tí yóò jù ú bí ibì kankan bá ń dùn ún.

Láàárín àwọn ọmọ náà ni Munawwarah wà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Sàláúdéènì bàbá rẹ̀ ń ta bàrà olómi tí ọkọ̀ ń kó wá láti òkè Ọya. Láti kékeré ni Munawwarah ti máa ń dúró nínú ìlà àwọn tó ń jù ú láti ọwọ́ dé ọwọ́ nígbà tí wọ́n bá ń já ẹrù. Ibẹ̀ ni apá rẹ̀ ti gbó. Ọjọ́ tí Béjidé kọ́kọ́ rí i tó ju bọ́ọ̀lù, kò lè jẹun nígbà tó délé.

"Bíi ti Shun ni," ó sọ. "Bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ pàápàá."

Ó fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò fi í sílẹ̀. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló fi kọ́ wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, láti Iléṣà sí Òṣogbo.

Lóṣù Kọkànlá ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà díje ní pápá wọn ní Òṣogbo. Ní ọjọ́ àṣekágbá, àwọn ọmọ Òṣogbo àti àwọn ọmọ Ìlọrin ló kù. Mo lọ wò ó. Munawwarah wọ fìlà lé orí híjáàbù rẹ̀, àwọn onígi Ìlọrin ò sì rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá. Nígbà tó yá, ó ku onígi Ìlọrin kan ṣoṣo. Bí onítọ̀hún bá kùnà, ife ẹ̀yẹ dé Òṣogbo. Bọ́ọ̀lù kọkànlélọ́gọ́ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jù, òfin àádọ́rin ò tíì dè é.

Wọ́n dúró díẹ̀ kí àwọn ọmọ mumi. Munawwarah gbé ike omi, ó mu ún. Ọwọ́ òsì ló fi mu ún. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ nílé kéwú láti kékeré pé ọ̀tún la fi ń jẹ, ọ̀tún la fi ń mu! Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Mo wo Béjidé. Ó ti rí i.

"Ẹyọ kan, sà!" Waliyullah ń pariwo, inú rẹ̀ ń dùn. "Ó ku ẹyọ kan péré!"

Ẹ̀yìn wa ni mo ti gbọ́ ọ: pàù! Ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́ ló wà lẹ́yìn wa, koríko ló kún ibẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn, Waliyullah ò wò ó. Béjidé ò wò ó pẹ̀lú. Ó ti dìde, ó ń rìn lọ sáàárín pápá. Mo tẹ̀ lé e.

"Munawwarah, fún mi ní bọ́ọ̀lù."

"Kóòṣì, ó ku ẹyọ kan, sà."

"Mo mọ̀."

"Kò dùn mí, sà. Wallahi, kò…" Kò lè búra náà tán. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Béjidé gba bọ́ọ̀lù náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó tó, ọmọ mi," ó ní. "Ó tó."

Ọmọ mìíràn ló bọ́ síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ jù, ọmọ Ìlọrin gbá a kọjá odi, àmì ayò wọn sì ju tiwa lọ. Ife bá Ìlọrin lọ.

Sàláúdéènì wọ pápá tìbínútìbínú. "Ta ló rán yín níṣẹ́? Ọmọ mi ì bá gba ife náà, ẹ lọ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé!"

Béjidé tẹrí ba bíi ti àwọn ará Japan. Nígbà tó rántí ibi tó wà, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Alhaji. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la."

Dókítà ní iṣan ìgúnpá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà ya, pé kó sinmi fún oṣù mẹ́rin, yóò jinná. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sàláúdéènì gbé bàrà olómi méjì wá sí Iléṣà. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní ọ̀nà ti bàjẹ́ jù, ó dìde, ó lọ. Kò mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù rárá.

Mo ti rò pé ó parí nìyẹn. Kò parí. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Béjidé gbé ṣíbí sílẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Mo rò pé bí mo bá ti sọ ọ́ fún Munawwarah…" ó bẹ̀rẹ̀.

"Munawwarah kọ́ ló ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ẹnu rẹ," mo sọ fún un.

Nọ́ńbà ìyá Shun wà nínú fóònù rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, kò pè é rí. Ó bẹ̀ mí kí n jókòó tì òun. Mi ò gbọ́ èdè wọn, ojú rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ó ń dá dúró, ó tún ń sọ. Lẹ́yìn náà ó tẹ́tí. Ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ló ní?" mo bi í nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀.

"Ó ní ní ọdún méjì tí Shun lò nílé, ojoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ló máa ń lọ ju bọ́ọ̀lù mọ́ ara ògiri ilé tí wọ́n ń kó ẹja sí. Ọwọ́ òsì ló fi ń jù ú, Àǹtí. Ó ń kọ́ ọ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ariwo náà ń yọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu. Shun ní òun máa fi ọwọ́ òsì padà wá bá mi."

"Kí ló wá dé tó fi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ náà?"

"Mo bi í. Ó ní àwọn náà ò mọ̀. Ó ní àwọn ò ní mọ̀ láé."

Ó sunkún lọ́jọ́ náà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún un ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, lọ́sàn-án, mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo bi í ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

"Èyí fò kọjá ògiri," ó ní. "Òsì rẹ̀ ò tíì dúró dáadáa."

Gbogbo irun ara mi dìde. Ṣùgbọ́n mo rí i pé kò kà á mọ́, ó kàn ń gbọ́ ọ ni.

Lóṣù Kìíní ó wọ bàálù lọ sí Japan. Ìyá Shun ti kìlọ̀ fún un pé ọkọ òun kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Béjidé sétí. Ó lọ síbẹ̀síbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kẹrin ló pè mí. Ó ní yìnyín bo gbogbo ìlú náà, òun kan ilẹ̀kùn, bàbá Shun fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ó wo òun láti òkè délẹ̀, kò dáhùn ìkíni òun, ó yí padà, ó wọlé lọ. Ṣùgbọ́n kò pa ilẹ̀kùn dé. Béjidé ní òun dúró síta pẹ́ díẹ̀ nínú òtútù náà, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà, bí wọ́n ti máa ń ṣe níbẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.