Wọ́n Ní Kí Wamimbi Wá Fi Ara Rẹ̀ Hàn

Àárín igi kọfí ni Wamimbi wà, agbọ̀n kọ́ ọ lọ́rùn, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ó ka ohun tó wọlé, ó tún un kà, ó sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Nambozo ìyàwó rẹ̀ fi sáré wá láti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tó rò pé ejò ni.

"Ejò náà dà?"

"Òun rèé nínú fóònù! Àwọn olè ti rí mi o. Wọ́n ní kí n ya káàdì ìdánimọ̀, kí n tún ya ojú ara mi, kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ mi wá. Ṣé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe ọkọ ni?"

Ẹ̀rọ tí a fi ń bó kọfí ló ń wí, èyí kékeré tí a ń fọwọ́ yí. Ó rà á lórí fóònù lọ́wọ́ ilé ìtajà kan ní Kampala, ó sì ti sanwó. Gbogbo oko rẹ̀ lára òkè Wanale ló ti pọ́n wẹ́ẹ́. Kọfí tí a bá ká, tí a kò sì tètè bó, kíkan ló máa kan, kò sì sí oníṣòwò tí yóò fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà kò bá dé lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí Wamimbi ru kọfí lọ sídìí ẹ̀rọ ńlá Gidudu, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nísàlẹ̀ òkè. Ó sì ti sọ ọ́ létí gbogbo ayé pé kàkà kí òun tún débẹ̀, kí ẹyẹ jẹ kọfí náà tán.

Kì í ṣe pé ó le jù. Lọ́dún tó kọjá, àkùkọ kò tíì kọ tó ti gbé kọfí dé ìdí ẹ̀rọ yẹn. Gidudu wò ó lójú kòrókòró, ó gbé ààyè rẹ̀ fún àna ara rẹ̀ tó dé lọ́sàn-án. Kọfí Wamimbi sun ìta títí ó fi kan. Ta ni yóò gbàgbé irú ìyẹn? Àwọn tó ń sọ pé kí ó gbàgbé, kì í ṣe kọfí tiwọn ló kan.

Nambozo gba fóònù náà. "Ẹ jẹ́ n wò ó, Bàbá Nandudu. Ẹ ò tíì tẹ nǹkan kan níbẹ̀?"

"Kí n tẹ kí ni? Àbí o ti gbàgbé Masaba aládùúgbò wa? Wọ́n ní kó tẹ ibì kan, ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kó sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, ó sọ ọ́. Kó tó fi fóònù sápò, owó ti fò lọ."

"Ṣé àwọn wọ̀nyí bèèrè nọ́ńbà àṣírí?"

"Wọn ò tíì bèèrè. Olè ọlọ́gbọ́n ni wọ́n."

Nambozo jókòó sórí òkúta. Kò fọwọ́ kan ìlà aláwọ̀ búlúù tó wà nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni Masaba gbà wọ gàù. Ó ṣí ojú ìtajà náà fúnra rẹ̀, bó ṣe ṣí i lọ́jọ́ tí wọ́n ra ẹ̀rọ, ó wọ ibi tí ọjà tiwọn wà.

"Ó wà níbí náà. Wọ́n ti dá ọjà yín dúró. Bó bá jẹ́ olè ló kọ ọ́, báwo ló ṣe wọ inú ilé onílé wá kọ ọ́ síbí?"

"Kí ni iṣẹ́ olè, bí kò ṣe kó wọlé onílé?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n. Kì í ṣe nọ́ńbà tó wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn o. Èyí tó wà lójú ìtajà wọn ni."

Ọmọbìnrin kan gbé e. Kò tíì kí wọn tán tí Wamimbi fi já fóònù gbà. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí ìyá ẹ ṣe kọ́ ẹ nìyí, kó o máa tọrọ fọ́tò lọ́wọ́ ọkọ ọlọ́kọ?"

"Ẹ má bínú, bàbá." Ẹ̀rín ń gbọ̀n ọ́n lóhùn. "Àwa la kọ ọ́ lóòótọ́. Orúkọ Wamimbi Eriya lẹ fi ra ọjà, àmọ́ nọ́ńbà tí owó ti wá, orúkọ Gidudu Yokana ló wà. A fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan ò jí owó ẹnì kan ni. Kí ẹni tó ni nọ́ńbà ya káàdì rẹ̀ àti ojú rẹ̀. Ẹ má sọ nọ́ńbà àṣírí yín fún wa o, a kì í bèèrè rẹ̀."

Wamimbi gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹni tó gbá ẹyin iná mú.

Ìgbà yẹn ló rántí. Nígbà tí ìjọba ní kí oníkálukú fi káàdì forúkọ síìmù sílẹ̀, kò ní káàdì, nítorí akọ̀wé tó ń ṣe é ti pè é ní òpè, ó sì ti búra pé òun ò ní dúró níwájú ọkùnrin náà títí wọn yóò fi gbé e kúrò níbẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò. Bí gbogbo ará òkè ṣe ń ṣe nígbà náà, orúkọ ẹni tó ní káàdì nínú ẹbí ni wọ́n fi gba síìmù. Gidudu ló ní káàdì. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún ronú kàn án.

Nambozo ti ń wá bàtà rẹ̀.

Wọ́n bá Gidudu níbi tó ti ń fi gíríìsì pa ẹ̀rọ rẹ̀ lára.

"Há! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Fọ́tò yín ni mo wá yà."

"Fọ́tò mi? Ṣé àárò mi ló ń sọ ẹ́?"

Nambozo ló ṣàlàyé, kò sì fi ibì kankan pamọ́. Gidudu rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ Wamimbi! O fẹ́ fi ojú mi ra ẹ̀rọ, kí o má baà rí ojú mi mọ́!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Bí mo bá kọ̀ ńkọ́?"

"Kọfí á bàjẹ́. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n ṣe."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Gidudu. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde tòun ti káàdì. Ó ti wọ kóòtù, ó ti dé fìlà.

"Àna mi ló ń yọ mí lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn," ló wí, ó ń wo ilẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé kọfí ẹ máa kan."

"Ẹ mọ̀."

"Ó dáa, mo mọ̀. Ó dùn mí. Yà á, jàre."

Fóònù kọ fọ́tò àkọ́kọ́, ó ní fìlà bo iwájú orí. Ó kọ èkejì, Gidudu ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́! Ṣebí ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ tí wọ́n dá abẹ́ fún mi níwájú gbogbo ará òkè, tí mo ti di géńdé, tí ẹ ń pariwo pé mi ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú?"

"O ò rí ojú ara ẹ lọ́jọ́ náà. Òun gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín."

Nambozo gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì yà á. Kò pẹ́ tí èsì fi dé: wọ́n ti gbà á, ẹ̀rọ yóò wọ ìlú Mbale nísàlẹ̀ òkè lọ́la.

Ìyàwó Gidudu gbé malewa jáde, ọ̀mùnú ọparun tí wọ́n fi ẹ̀pà sè, ooru ṣì ń rú lórí rẹ̀. Wamimbi gba àwo, ó sì ń jẹ ẹ́ lórí ìdúró.

"Jókòó, ìwọ ọkùnrin yìí."

"Inú ṣì ń bí mi."

"Máa bínú, máa jẹun," ni Gidudu wí, ó sì bù kún un.