Àtàǹpàkò Sàrátù

Àwọn ìkòkò ni Sàrátù kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń tún un sọ fún wọn níbi tó tò wọ́n sí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Òkèlele, nítorí kò sí ẹlòmíì nínú ilé. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Huda, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní Kánò, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló sì máa ń pè.

Ojú Sàrátù ló ń lọ. Àjọ kan ní àwọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún àwọn àgbàlagbà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan tó ń ronú fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kó máa yan àwọn tí yóò jẹ àǹfààní náà. Àtàǹpàkò ni èèyàn yóò tẹ̀ kó tó lè dá a mọ̀. Sàrátù tẹ̀ ẹ́ títí, ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ ọ́n. Amọ̀ tó ti ń pò láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ti jẹ ilà ìka rẹ̀ tán. Obìnrin tí gbogbo Òkèlele mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti òkèèrè, ẹ̀rọ ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀! Àbùkù wo ló tún kù?

Rédíò wá kéde pé ìpàdé yóò wà ní gbọ̀ngàn kan ní Challenge ní ọjọ́ Àlàmísì, kí aráàlú sọ tẹnu wọn kí ìjọba tó fọwọ́ sí òfin ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ yẹn náà ni wọn yóò pa ìwé orúkọ iṣẹ́ abẹ ojú náà dé. Sàrátù wé ìborùn rẹ̀ funfun, ó wọ kẹ̀kẹ́. Ó ń ka ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ fún àwọn ìkòkò lábẹ́ ètè títí oníkẹ̀kẹ́ fi rò pé tẹ̀súbáà ló ń fà.

Àjàyí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ìyá, ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síbí kí ilẹ̀kùn lè ṣí."

Irú ẹ̀rọ yẹn náà ni. Ó tẹ̀ ẹ́, iná pupa tàn. Ó fi ìborùn nu ìka, ó tún un tẹ̀, pupa náà ni.

"Ọmọ mi, ẹjọ́ ẹ̀rọ yìí gan-an ni mo wá rò nínú ilé yẹn."

"Ìyá, ó dùn mí o. Ẹ̀rọ ló ń ṣí i, èmi ò ní kọ́kọ́rọ́." Ó gbé àga fún un níta.

Wọ́n ti so gbohùngbohùn kan síta kí aráàlú lè gbọ́ ohun tó ń lọ. Wọn kò so èyí tí aráàlú lè fi fèsì.

"Ṣé ẹnikẹ́ni wà tí ẹ̀rọ yìí ṣe àìdáa sí?" Alága ìpàdé ló béèrè.

"Èmi nìyí!" Sàrátù fò dìde. "A kì í fárí lẹ́yìn olórí! Èmi nìyí!" Ó gbá ilẹ̀kùn náà, ó gbá a. Àjàyí yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," Alága ní, "pé kò sí aráàlú kankan tó ráhùn." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Sàrátù délé kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí. Kò rí àwọn ìkòkò náà dáadáa mọ́, ọwọ́ ló fi ń wá wọn kiri kó tó jókòó sáàárín wọn. Ó kí wọn bí ẹni ń kí ìjókòó àgbà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò fo ẹyọ kan. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó dúró díẹ̀, bóyá ẹnìkan yóò dá a lóhùn. Àlàmísì ṣì ni. Ó di ọ̀la kí Huda tó pè.