Ṣé Ó Gbẹ?

Ó fi ọwọ́ kan ìdí ẹrù aṣọ funfun náà, ó sì dúró. Omi ṣì wà lára rẹ̀.

Aṣọ iṣẹ́ abẹ tó bá jáde nínú ìkòkò ooru apakòkòrò kò gbọdọ̀ rin, torí ibi tí omi bá gbà ni kòkòrò ń gbà wọlé. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń se aṣọ àti irinṣẹ́ ní ilé ìwòsàn náà. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó máa ń bi gbogbo èèyàn ló di orúkọ rẹ̀: Bàbá Ṣé-ó-gbẹ.

Dókítà yọjú. "Bàbá, ẹ̀yin là ń dúró dè. Ọmọ yín ti wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ."

Ó mọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni. Oyún dábùú nínú rẹ̀, àfi kí wọ́n là á.

"Ìdí rẹ̀ rin díẹ̀. Màá tún un sè."

"Nítorí díẹ̀? Àbí ẹ ò fẹ́ rí ọmọ-ọmọ ni?"

"Ṣé ewu wà fún un báyìí?"

"Rárá. Ara ìyá àti ọmọ le."

"Ẹ jókòó nígbà náà."

Ó tú ẹrù náà. Aṣọ méjì lé nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n kún un láàárọ̀, torí pé ọmọ òun ló fẹ́ lò ó. Ẹrù tó bá fún jù kì í gbẹ. Ó yọ wọ́n, ó sì tún un dì.

Ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀, ìyá ọmọ yìí, ni wọ́n kọ́kọ́ là. Lọ́jọ́ kẹrin, ibà. Lọ́jọ́ kẹfà, egbò ń rùn. Lọ́jọ́ kẹwàá, ọmọ nìkan ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Oṣù náà kò tíì parí tó fi wá béèrè iṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni òwe yẹn ń sọ.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá. Ó tẹ ìdí ẹrù náà, kò rin mọ́, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún dókítà.

Lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, nọ́ọ̀sì ń ṣí ojú egbò. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ọmọ sáyà.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ dá kún ebi tí wọ́n fi pa mí lọ́jọ́sí kí wọ́n tó là mí."

"Ebi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kì í pa èèyàn."

"Ẹ ò tiẹ̀ ní bẹ̀ mí!" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára di ikùn mú.

Bàbá kò wo egbò. Ó ní kí nọ́ọ̀sì fi ẹ̀mú gbé gọ́ọ̀sì, aṣọ ìdì egbò tó ṣí kúrò, wá síbi fèrèsé. Funfun ni. Ó gbé imú sún mọ́ ọn. Kò gbóòórùn kankan.

"Bàbá," nọ́ọ̀sì fi í ṣẹ̀fẹ̀, "ṣé ó gbẹ?"

Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wá, kò sẹ́ni tó bi òun náà rí.

"Ó gbẹ," ló sọ, ó sì lọ fọwọ́ kó tó gba ọmọ.