Nọ́ńbà Ara Pátákó Orin

Lọ́dún 1991, olè kó oògùn lọ ní ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ilora. Nọ́ọ̀sì Hannah bá ra àgádágodo tí wọ́n ń yí nọ́ńbà mẹ́ta lára rẹ̀ kó tó ṣí, ó fi ti kọ́bọ́ọ̀dù irin pa. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń pààrọ̀ nọ́ńbà náà, àmì tí òun nìkan lè tú ló sì fi ń kọ ọ́ sínú ìwé. Bí kò bá sí nílé, Folúkẹ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò lè mú oògùn ẹ̀fọ́rí lásán. Folúkẹ́ ráhùn títí ó fi sú Hannah.

"Ó dáa, mo ti mú un rọrùn," ni Hannah wí. "Nọ́ńbà orin àkọ́kọ́ tí a bá kọ lọ́jọ́ Ìsinmi ni mo máa ń lò. Bó o bá gbàgbé, sáré lọ wo pátákó orin nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

Inú Folúkẹ́ dùn. Ta ni yóò tún máa há nọ́ńbà sórí, nígbà tí pátákó wà lára ògiri?

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Hannah lọ sípàdé ní Jobele. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Mobọ́lá bí àkọ́bí rẹ̀ sọ́wọ́ Folúkẹ́. Ọmọ ké, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá. Folúkẹ́ mọ abẹ́rẹ́ tó ń dá a dúró. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Ó sáré lọ wo pátákó: 388. Ó sáré padà, ó yí i, kò ṣí. Ó rò pé òun ló ṣì í yí. Ó tún un yí, ó tún un yí, ó ń bú ara rẹ̀. Nígbà tó fi ránṣẹ́ pe Ògúnbíyìí alágbẹ̀dẹ, tí ìyẹn sì já àgádágodo náà, Mobọ́lá ti kú.

Ìrọ̀lẹ́ ni Hannah dé. "Nọ́ńbà wo lo yí?"

"Èyí tó wà lára pátákó, mà. 388."

Hannah káwọ́ lérí. "Wọ́n sin Bàbá Nehemiah láàárọ̀ àná. Orin ìsìnkú ni wọ́n fi síbẹ̀. 214 la kọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Èmi ni mo ní kó o wo pátákó!"

Folúkẹ́ rántí orin ọjọ́ Ìsinmi náà. Ó mọ gbogbo ẹsẹ rẹ̀ lórí.

Fátọ́kẹ́, ìyá Mobọ́lá, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ọmọ jòjòló náà dání. Kò tíì sunkún.

"Ṣé oògùn ni kò sí?" ló bi Folúkẹ́.

Ì bá wu Folúkẹ́ kó purọ́. "Ó wà níbẹ̀, mà."

Fátọ́kẹ́ dìde, ó na ọmọ náà sí i.

"Bá mi gbé e," ó ní, "kí n lọ wẹ ọmọ tèmi."