Ọkọ̀ Kékeré Méjì ti Xaver

Notburga, ìyàwó àbúrò mi Xaver, kú nígbà tí yìnyín ń yọ́. Nígbà tí ooru dé, Xaver ta oko, ó ní òun ń bọ̀ wá bá mi gbé. Mo yọ̀, mo jó. Àmọ́ ilé ọkọ̀ mi ò gbà ju ẹyọ kan lọ, méjì ló sì wà ní abà Xaver: Isetta tó rí roboto bí ẹyin, tí gbogbo iwájú rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn, àti Kabinenroller tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹja, tí ìbòrí gíláàsì wà lórí rẹ̀. Nínú Isetta, èèyàn méjì a jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nínú ìkejì, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn, bí ẹni gun alùpùpù.

Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ. Dettmer tó ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ wá wò wọ́n. Èmi ń gé kéèkì ápù lẹ́nu abà, mò ń kọrin:

Afẹ́fẹ́ orí òkè, rọra fẹ́ o,
Aṣọ ìyàwó ń bẹ lórí okùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi orin fọ́ gíláàsì fún wa o!" Xaver ló sọ bẹ́ẹ̀.

Dettmer ti tẹjú mọ́ Kabinenroller. "Bàbá, èyí ni kí ẹ tà fún mi. Òun ló ṣọ̀wọ́n. Bí èèyàn bá fẹ́ fi í rìn sẹ́yìn, á pa ẹ́ńjìnnì, á tún un tan kó máa yí sódì. Níbo lẹ ti máa tún rí irú ẹ̀?"

"Isetta ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ó dáa, màmá, àmọ́ ó pọ̀ nílẹ̀. Bí ẹ bá gbé imú ẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ ti há nìyẹn."

"Xaver ti há bẹ́ẹ̀ rí! Epo tán sí i lẹ́nu ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Notburga gba òrùlé aṣọ jáde, ó ń bú u bọ̀!"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Xaver wọ Isetta. Ó fọwọ́ pa àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tètè jáde. Ó wọ Kabinenroller, ó pa ìbòrí dé, ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń lọ bí ẹni ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Nígbà tó ṣí i, ó ní, "Dettmer, máa gbé Isetta lọ."

"Àbí orí ẹ ò pé ni?" mo pariwo. "Nínú Isetta ni ìwọ àti Notburga ti máa ń fèjìká kan èjìká!"

"Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá wo ẹ̀gbẹ́ báyìí, mo ń rí i pé kò sí. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí nínú èyí. Mi ò kì í rí i nígbà tó wà láyé náà. Kí n ṣáà ti má bojú wẹ̀yìn."

Dettmer ṣí fìlà. Kò dúnàá dúrà mọ́.

Nígbà tó tó àkókò láti máa lọ sílé mi, mo ká síkẹ́ẹ̀tì mi sókè, kí n gun ẹ̀yìn. Xaver di ìbòrí mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá Dettmer lọ."

Mo bá Dettmer wọ Isetta lọ, mò ń fi gèlè nujú. Xaver wà níwájú wa. Níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, mo rí i tó rọra dẹ ìrìn, kí ọkọ̀ má baà gbọn ẹni ẹ̀yìn.