Kánsẹ́lọ̀ Nílé Ọ̀fọ̀ Abelson

Ohun tí Àǹtí Minnie ń fẹ́ kò ju gbólóhùn kan lọ. Kí Adele ṣáà la ẹnu, kí ó sọ fún Desmond Craddock pé bàbá òun ti dárí jì í kí ó tó kú. Láti àárọ̀ ló ti ń rọ̀ ọ́, bó ti ń bó ẹyin sísè nílé ìdáná láti fi àlùbọ́sà pò ó. Ohùn rẹ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà wọ pálọ̀, níbi tí Adele àti Howard àbúrò rẹ̀ jókòó sí lórí àga kúkúrú, ọrùn aṣọ wọn ti fàya, wọ́n ti fi aṣọ bo gbogbo jígí ilé, tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ bàbá wọn bí àwọn Júù ti ń ṣe é.

"Mi ò ní kí o purọ́," ni Àǹtí Minnie wí. Àbúrò ìyá wọn ni, opó tó ń dá gbé. "Lionel bàbá yín kì í di ẹnikẹ́ni sínú. Ariwo ẹnu lásán ló ní."

"Ṣé ó sọ fún yín pé òun dárí jì í?" Howard bi í.

"Ó sọ pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Èwo ló tún kù tí à ń pè ní ìdáríjì?"

Craddock ni kánsẹ́lọ̀ àdúgbò wọn ní ìlú Leeds. Ìbò ti ń sún mọ́lé nígbà tí ẹnì kan lọ hú ohun tí ó kọ sórí fóònù nígbà kan rí jáde, ní àkókò tí ogun ń jà ní Gásà tí inú oníkálùkù ń ru. Ó kọ ọ́ pé: "Àwọn Júù ìlú wa yìí, ibí ni wọ́n ti ń jẹun, Ísírẹ́lì ni ọkàn wọn wà. Inú àpò wọn ni ìjọba ń gbé." Ó sì ya ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọ̀la ni ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ yóò jókòó láti pinnu bóyá wọn yóò yọ ọ́. Bí ó bá rí Abelson kan tó lè jẹ́rìí pé ọ̀rẹ́ àwọn Júù ni òun, ó ṣeé ṣe kí ó bọ́. Nítorí Lionel Abelson, aránṣọ àtijọ́, ni ẹni tó máa ń gbé ìwé ìpolongo Craddock láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn ní gbogbo ìbò, nínú òjò, lórí eékún tó ń dùn ún.

Bí Craddock bá sì ṣubú, ẹni tó ń dúró de àga rẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀ pé ilé ìgbafẹ́ àwọn arúgbó ń jẹ owó kánsù gbé. Craddock ló dúró bí ògiri tí wọn kò fi tì í. Ibẹ̀ ni Àǹtí Minnie ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, ibẹ̀ ló ti ń ta káàdì, ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà.

"Howard, London ni ìwọ ń gbé," ni ó wí. "O ò mọ bí ilé ṣe máa ń dákẹ́ tó bó bá di ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ orí fóònù ò lè pa mí. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ló máa pa mí."

"Àǹtí, ọkùnrin yìí ní àwa la ni ìjọba. Ìjọba wo? Ẹ̀ṣọ́ la gbà sí ẹnu ọ̀nà sínágọ́gù ká tó lè gbàdúrà."

"Ẹ̀ṣọ́ yẹn? Oorun ló ń sùn."

Howard rẹ́rìn-ín láìfẹ́ rẹ́rìn-ín. Àǹtí Minnie rí àyè, ó jáde sí pálọ̀ tòun tẹyin lọ́wọ́. "Ó ní Ísírẹ́lì lòun ń bá wí. Bàbá yín fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń bú ìjọba Ísírẹ́lì lórí tábìlì yìí? Craddock ò tíì bú wọn dé ìdajì ẹ̀."

"Ìjọba ni Bàbá ń bú. Àwa ni Craddock bú."

"Ẹ̀yin ọmọ ìwé." Ó yíjú sí Adele. "Ìwọ ńkọ́, odi?"

 Adele kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti kékeré. Òun ló bá bàbá rẹ̀ gbé títí tó fi kú, ohun tó mọ̀ nípa bàbá náà kò sì sí ẹni tó bi í. Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òun ti rí ibi tí òkò yìí ti ba ará ilé.

Àárín ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà jáde ni, tí bàbá rẹ̀ kà á tán tó sì ní ọ̀rọ̀ lásán ni. Wọ́n jọ lọ gba oògùn ọkàn rẹ̀ nílé ìtajà oògùn. Láti ọjọ́ pípẹ́ ló ti máa ń pe orúkọ rẹ̀ fún àwọn ọmọ ibẹ̀ bí ẹni ń kọrin, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, kí wọ́n má baà ṣì í kọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi ohùn kékeré sọ pé, "Abel." Ọmọ náà wá oògùn títí kò rí i. Bàbá rẹ̀ kò tún un ṣe. Adele ló sún mọ́ káńtà tó sọ Abelson ní kíkún, orúkọ tí ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ti Júù ni. Ojú ti bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé Adele rí i. Wọn kò bá ara wọn sọ ọ́ dé ilé.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ Craddock ló pa á. Ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe é ọjọ́ ti pẹ́, dókítà sì ti sọ. Adele kò jẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìgbà tí ọ̀sán ń rọ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí. A kì í kan ilẹ̀kùn nílé ọ̀fọ̀ àwọn Júù, àlejò a kàn wọlé ni. Craddock ni, fìlà lórí, bàtà rẹ̀ tutù, ó jọ pé ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Howard dìde.

"Bí mo bá dúró, mo máa sọ̀rọ̀," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì gun àtẹ̀gùn lọ sókè.

Ó wá ku Adele nìkan lórí àga kúkúrú. Àlejò kì í bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀ àfi bí ọlọ́fọ̀ bá kọ́kọ́ la ẹnu. Craddock mọ àṣà yìí dáadáa. Nígbà tí ìyá wọn kú, ó jókòó sí pálọ̀ yìí kan náà, Lionel ló sì tú u sílẹ̀, ó ní, "Desmond, o ti jẹun?" Ní báyìí, Craddock fa àga kan, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń dúró.

Àǹtí Minnie wúkọ́. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, "Adele, o ò rí i pé àlejò wà níbí?"

"Minnie, ẹ fi í sílẹ̀," ni Craddock wí jẹ́jẹ́.

Ìwà rere rẹ̀ yìí gan-an ló nira. Bó bá jẹ́ ènìyàn burúkú pátápátá ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti rọrùn. Adele mọ̀ pé "ẹ ṣeun" kan péré ti tó. Craddock yóò gbé e dé ibi ìjókòó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́la, yóò sọ pé wọ́n gba òun nílé Abelson, kò sì ní jẹ́ irọ́. Bóyá ẹ̀bẹ̀ ló bá wá. Bóyá ẹlẹ́rìí ló wá mú. Kò sí bí a ó ṣe mọ̀ bí òun kò bá ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Ẹni tí a ṣẹ̀ ló sì ń dárí jini, ẹni náà ti wà nínú ilẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó rí Àǹtí Minnie tó dúró pẹ̀lú àwo, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. 

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí tíì tí Àǹtí Minnie gbé kalẹ̀ fi tutù. Nígbẹ̀yìn, Craddock dìde. Ó kọjú sí i, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí àlejò fi ń dágbére fún ọlọ́fọ̀, èyí tó ti sọ nílé púpọ̀ ní àdúgbò wọn.

"Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú láàárín gbogbo àwọn yòókù tó ń ṣọ̀fọ̀..."

Ó dúró. Ohun tó kù kó sọ ni "fún Síónì àti Jerúsálẹ́mù", ilẹ̀ Ísírẹ́lì kan náà tó ní ọkàn wọn wà. Ojú rẹ̀ pọ́n láti ọrùn dé iwájú orí. Adele gbé ojú sókè, ó ń retí. Bó bá sọ ọ́, ó mọ̀ pé òun yóò dá a lóhùn, ohun yòówù kó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

"Láàárín gbogbo àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀," ni Craddock tún wí, ó sì jáde.

Bóyá ìtìjú ló dì í lẹ́nu, bóyá nǹkan mìíràn ni, Adele kò mọ̀ ọ́n títí dòní. Àǹtí Minnie kó ife kúrò nílẹ̀. "O ti ṣe é," ni ó wí, ó sì múra, ó lọ sílé rẹ̀.

Ẹgbẹ́ yọ Craddock. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì wọlé ìbò tí wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbafẹ́ pé wọ́n ń tún ètò ibẹ̀ gbé yẹ̀ wò.

Nígbà tí ọjọ́ ọ̀fọ̀ pé, Adele àti Howard bọ́ síta láti rìn yí àdúgbò ká, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́fọ̀ ti máa ń ṣe láti padà sáàárín ènìyàn. Howard ṣíwájú. Pauline Whitham, aládùúgbò wọn láti kékeré, ń ti agolo ìdọ̀tí rẹ̀ bọ̀ wá sí etí títì. Ó dì mọ́ Adele, omi lé ròrò sí i lójú.

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ìṣẹ́ra-ẹni-kù. Kò sí irú bàbá yẹn mọ́." Ó nu imú. "Mo gbọ́ pé ẹ ti yọ Desmond."

"Àwa kọ́, Pauline. Ẹgbẹ́ ẹ̀ ni."

"Èmi ò sọ pé ó burú o. Mo kàn ń sọ pé ọwọ́ yín gùn ni. Ihò ojú títì yìí, ọdún mélòó la ti ń kọ̀wé sí kánsù? Ta ló gbọ́ tiwa?"

"Mi ò sọ nǹkan kan. Mi ò la ẹnu mi rárá."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn." Pauline fọwọ́ pa á lápá tìfẹ́tìfẹ́. "Ẹ ò tiẹ̀ ní láti sọ̀rọ̀."

Adele fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ń rìn lọ. Howard ti dúró dè é níbi ìyànà.

"Kí ló ń sọ?"

"Ihò ojú títì ni," ni Adele wí, ó sì mú iwájú, kí àbúrò rẹ̀ má baà rí ojú rẹ̀.